Ilé kọnkéré ìlú ọba: ká wó o ni, àbí ká rà á?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti ìyàwó mi ń wá fúláàtì rà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tí owó wa ká báyìí, ilé káńsù àtijọ́ ni, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ fún ayálégbé, alájà 14, kọnkéré látòkè délẹ̀, wọn ò tiẹ̀ kùn ún lọ́dà. Yàrá ẹ̀ tóbi, kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní òun ò fi owó òun ra ẹ̀wọ̀n. A ti jà sí i tó, mo wá ní kí n béèrè. Kí ló ṣe àwọn òyìnbó tí wọ́n fi kọ́ irú nǹkan báyìí káàkiri lẹ́yìn ogun Hítílà? Ọba Charles fúnra ẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba, sọ ní 1987 pé ti àwọn bàálù Jámánì tó ju bọ́ǹbù tiẹ̀ sàn, pé àwókù ni wọ́n fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n bà jẹ́, wọn ò kọ́ nǹkan tó burú ju àwókù lọ síbẹ̀. Ṣé irọ́ ló pa? Ṣé kí wọ́n kúkú wó gbogbo ẹ̀ ni? Kí n rà á àbí kí n sá?

* * *

Àbúrò, mo ti ka ohun tí gbogbo èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè ẹ. Àwọn kan ní kí wọ́n wó o kó tán. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọnà ni, ọ̀pọ̀ àwọn yẹn ló sì ń gbé ilé bíríkì tó ní gádìnì lẹ́yìn, wọ́n kàn ń wá ya fọ́tò tiwa ni. Àwọn tó kù ní Hítílà ló fà á, pé ká ní bọ́ǹbù ò já, kọnkéré ò ní wá. Èmi ti ṣiṣẹ́ àtúnṣe nínú irú ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀ rí, mo sì gbé inú ọ̀kan lọ́dọ̀ àǹtí mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Hítílà. Coventry lẹnu gbogbo èèyàn máa ń lọ. Òru ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 1940, àwọn Jámánì da bọ́ǹbù bo ibẹ̀, àárín ìlú jóná, kàtídírà jóná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Donald Gibson tó jẹ́ akítẹ́ẹ̀tì ìlú yẹn ti ń ya àwòrán àárín ìlú tuntun kí bọ́ǹbù tó já, wọ́n tiẹ̀ ti pàtẹ ẹ̀ fún aráyé wò ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà. Àwọn títì tóóró ayé àtijọ́ tí mọ́tò ò lè kọjá níbẹ̀, wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́ kúrò tipẹ́. Bọ́ǹbù kàn bá wọn yá iṣẹ́ ni. Èyí tí wọ́n sì wá kọ́ síbẹ̀, ọjà tí mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ̀, tó jẹ́ ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn ín, bíríkì ló pọ̀ lára ẹ̀. Plymouth náà, tí Patrick Abercrombie bá wọn ṣètò ẹ̀ ní 1943, òkúta funfun Portland ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé àárín ìgboro wọn. Kọnkéré oníhòòhò tẹ́ ẹ̀ ń bú yìí, àwọn ọdún 1960 ló wọ̀lú dáadáa, ogun ti parí tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Birmingham wá burú jù. Bọ́ǹbù já níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Herbert Manzoni tó jẹ́ ẹnjiníà ìlú fẹ́ la títì mọ́tò tó máa yí àárín ìlú ká, ó sì là á, ilé àtijọ́ tó dáa tó wà lọ́nà, wọ́n gbá a lọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wá di èrò abẹ́ ilẹ̀, inú ihò tó ń rùn fún ìtọ̀ lo máa gbà kó o tó lè sọdá. Ìwé àṣẹ káńsù ló ṣe ìyẹn, kì í ṣe bàálù. Ibi tí Charles ti gbá a tì nìyẹn.

* * *

Ẹni tó ní mò ń gbèjà Hítílà, Ọlọ́run á dárí jì ẹ́.

Ẹni tó ní kí ló dé tí wọn ò kọ́ ìlú wọn padà bó ṣe wà, ṣebí àwọn Poland ṣe é, ìbéèrè tìẹ ló dáa. Wọ́n ṣe é. Ìlú àtijọ́ tó wà láàárín Warsaw, tí àwọn Jámánì fọ́ yángá, wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà, àwòrán tí wọ́n ti yà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń wò kí wọ́n lè mọ bí fèrèsé ṣe rí, UNESCO sì fi orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 1980. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ mọ́lẹ̀ ni Poland, kò sí iye tí wọn ò ní ná síbẹ̀. Le Havre ní Faransé wá gba ọ̀nà mìíràn, akítẹ́ẹ̀tì Auguste Perret fi kọnkéré tún àárín ìlú wọn kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn bú u títí, nígbà tó di 2005 UNESCO kan náà fi tiẹ̀ náà sínú ìwé. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ fi UNESCO jà mí, kó rọra.

Ní ìlú ọba, ohun tí kò sí ló ń pàṣẹ. Irin ò tó, pákó ò tó, àwọn bíríkìlà ò tó, títí di 1954 o gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kó o tó lè kọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí bọ́ǹbù ti lé jáde ń sùn sọ́dọ̀ ẹbí. Wọ́n kọ́kọ́ pín ilé pẹlẹbẹ tí wọ́n ti ṣe nílé iṣẹ́ tí wọ́n kàn wá tò jọ, ó lé ní 150,000, wọ́n ní fún bí ọdún mẹ́wàá ni, ní Catford ní Lọ́ńdọ̀nù, títí ayé fi wọ ọdún 2000 àwọn kan ṣì ń gbé inú tiwọn, wọ́n tún kọ̀ pé àwọn ò kúrò.

Òfin 1956 ló wá da ọ̀rọ̀ rú, èmi ò mọ ìdí táwọn èèyàn ò fi ń dárúkọ ẹ̀. Ìjọba ní bí ilé bá ṣe ga tó ni owó ìrànwọ́ tí káńsù máa gbà lórí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ṣe máa pọ̀ tó. Kí lo rò pé káńsù máa ṣe? Wọ́n gbọ̀nà òkè lọ ni. Àwọn kọngílá ńláńlá wá ní oríṣi tiwọn, wọ́n á yọ ògiri kọnkéré nílé iṣẹ́, kíréènì á gbé e, wọ́n á tò ó léra, káńsù ò nílò kó ronú. Ẹ̀ ń bú akítẹ́ẹ̀tì, ẹni tó sọ̀wédowó ni kẹ́ ẹ bú.

Ibi tó já sí ni Ronan Point ní Canning Town, ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ilé alájà 22, kò tíì ju oṣù méjì tí wọ́n kó èèyàn wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 1968 obìnrin kan jí ní àjà kejìdínlógún, ó fẹ́ se tíì, gáàsì gbiná, ògiri tì síta, gbogbo igun ilé yẹn sì já wálẹ̀ lórí ara wọn. Èèyàn mẹ́rin kú, obìnrin tó fẹ́ se tíì ò kú. Nígbà tí wọ́n ń tú ilé yẹn palẹ̀ ní 1986, wọ́n bá ìwé ìròyìn nínú oríkèé ògiri níbi tó yẹ kí sìmẹ́ńtì wà. Ìwé ìròyìn! Ṣé ẹ̀bi kọnkéré nìyẹn?

* * *

Báyìí, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, ó ti kàn yín.

Àǹtí mi gbé àjà kẹfà. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ògiri yàrá àwọn ọmọ á máa bu bí búrẹ́dì tó ti pẹ́, dúdú dúdú láti igun òkè wá sílẹ̀. A á fi blíìsì nù ún, ó tún máa padà. Aṣọ inú wọ́dúróòbù ń rùn, àbúrò mi ń wú ikọ́ mọ́jú. A kọ̀wé títí, ọ́fíìsì wá rán obìnrin kan sí wa. Ó wo ògiri, ó wo ìdáná, ìkòkò ẹ̀wà wà lórí iná ó ń hó, ó mi orí, ó fún wa níwèé pélébé kan: ẹ máa ṣí fèrèsé, ẹ má sá aṣọ sínú ilé, ẹ máa dé ìkòkò yín. Ó ní bí ẹ̀yin ṣe ń se oúnjẹ ló fà á. Nínú oṣù kìíní, kí n ṣí fèrèsé! Àǹtí mi gbà á gbọ́ o, kò se ẹ̀wà mọ́ àyàfi lọ́jọ́ Sátidé, ó ń ro àmàlà bí ẹni tó ń jalè. Ògiri ṣì ń bu.

Ìyá àgbà òyìnbó kan wà lókè wa, tíì àti sáńwíìṣì ni gbogbo ayé ẹ̀, igun yàrá tiẹ̀ náà dúdú níbì kan náà tí tiwa ti dúdú.

Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ni mo tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Pèpéle kọnkéré tó jẹ́ ilẹ̀ yàrá ẹ, òun kan náà ló yọ jáde tó di bákónì, kò sí nǹkan kan tó dá a dúró láàárín inú àti ìta. Òtútù ìta á gba inú ẹ̀ wọlé tààrà. Èémí ẹ, omi ìwẹ̀ ẹ, ooru ìkòkò ẹ, gbogbo ẹ̀ á lọ bá ibi tó tutù jù yẹn, á di omi lára ògiri, omi yẹn ló ń di dúdú. Àjà tó o bá dé, igun kan náà ni. Bó o se ẹ̀wà bó ò se ẹ̀wà, bó o ṣe ń mí ti tó. Ohun tó ń wò ó sàn ni kí wọ́n fi nǹkan bo ara ilé látìta kí ooru má lè jáde, kí fáànù tó ń fa ooru síta máa ṣiṣẹ́ nílé ìwẹ̀ àti ìdáná, kí owó iná má pọ̀ débi tí èèyàn á fi máa pa hítà. Wọ́n mọ̀. Owó ìwé pélébé ló kàn kéré jù.

Torí náà ẹni tó bá sọ fún mi pé ilé yẹn rẹwà, mo gbà, lọ gbé e ní oṣù kìíní.

* * *

Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi pé mo ti wà lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ wó o. Mi ò sí níbẹ̀.

Barbican, ẹ́sítéètì ńlá tó wà láàárín Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ ibẹ̀. Òru ọjọ́ 29 oṣù kejìlá 1940 ni iná jó agbègbè yẹn, nígbà tó fi di 1951 èèyàn 48 péré ló ṣẹ́kù tó ń gbé àdúgbò Cripplegate. Ìjọba City of London fẹ́ kí èèyàn padà wá, wọ́n gbé e fún àwọn akítẹ́ẹ̀tì Chamberlin, Powell àti Bon, kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn òṣìṣẹ́ fi òòlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó sọ ọ́ lójú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kó lè rí pálapàla báyẹn. Ibi tí wọ́n ti wá ń ṣeré orí ìtàgé, 1982 ni wọ́n ṣí i. Aláwọ̀ eérú ni, ọ̀nà òkè tí èèyàn ti ń sọnù kún ibẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ fi ń bú ẹ́sítéètì Heygate, tí mò ń bọ̀ lórí ẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ní 2001 ìjọba fi òfin dáàbò bò ó, àwọn fúláàtì kan níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ún.

Heygate ní Elephant and Castle, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n parí ẹ̀ ní 1974, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ilé, igi ńláńlá wà láàárín ẹ̀. Ilé káńsù ni. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ọ̀daràn ló kún ibẹ̀, wọ́n kó èèyàn jáde, nígbà tó di 2014 wọ́n ti wó o tán. Ilé tó lé ní 2,000 ni wọ́n fọwọ́ sí pé kí wọ́n kọ́ síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí i, èyí tí owó ẹ̀ á jọ ti káńsù nínú ẹ̀ ò tó 100. Ẹni tí wọ́n kó lọ sí Sidcup ní ìpẹ̀kun Lọ́ńdọ̀nù, ta ló máa bá a padà?

Kọnkéré Barbican àti ti Heygate, sìmẹ́ńtì kan náà ni. Ní Barbican, bí líìfítì bá dúró láàárọ̀, wọ́n máa tún un ṣe kó tó di alẹ́, torí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ lọ́yà. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ó lè dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí pààtì tó dé, ìyá ọlọ́mọ á gbé ọmọ àti kẹ̀kẹ́ ọmọ gun àtẹ̀gùn, wọ́n á wá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwòrán ilé náà ò bá ẹbí mu.

Ẹnì kan mú ẹ́sítéètì North Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù wá, ó ní ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀bi àwòrán. Ìyẹn, mo gbà fún un. Ọ̀nà òkè tó so ilé mọ́ ilé, láti ẹ́sítéètì kan dé òmíràn, ẹni tó já báàgì ẹ gbà á sáré gba ibẹ̀ kó o tó pariwo tán, fèrèsé ẹnikẹ́ni ò kọjú síbẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó gbé ibẹ̀ nígbà náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyẹn burú látorí tábìlì tí wọ́n ti yà á. Ṣùgbọ́n Park Hill ní Sheffield náà ní ọ̀nà òkè, wọ́n ṣe tiẹ̀ fẹ̀ tó kí ọkọ̀ kékeré tó ń gbé wàrà lè kọjá, ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn kọjú síbẹ̀, wọ́n fi orúkọ títì àtijọ́ pè é, wọ́n sì kó aládùúgbò ti aládùúgbò. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1961 àwọn èèyàn tó wọ̀ ọ́ ń dúpẹ́, torí ibi tí wọ́n ti wá, ìta ni ṣáláńgá wà. Ìgbà tí iṣẹ́ irin kú ní Sheffield ni tiẹ̀ bàjẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ìlú àtijọ́ kì í ya fọ́tò ṣáláńgá yẹn.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Ìbàdàn, ẹ kúulé. Ó ní kọnkéré ló kún UI, ó lẹ́wà, èèyàn kì í sá fún un, kí ló dé?

Akítẹ́ẹ̀tì Maxwell Fry àti ìyàwó ẹ̀ Jane Drew ló ya UI, àwọn méjèèjì ti wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti 1944, wọ́n ń bá ìjọba òyìnbó ṣètò ìlú. Lọ wo Kenneth Dike Library àbí Mellanby Hall. Kọnkéré oníhò tó bo ojú ilé yẹn, afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹ̀ wọlé, oòrùn ò lè wọlé tààrà, òrùlé yọ síta kí òjò má bà á ta sí ògiri. Wọ́n kọ́kọ́ bi ojú ọjọ́ kí wọ́n tó yàwòrán. Kọnkéré tó ń jẹ́ kí ooru jáde ní Ìbàdàn, òun kan náà ló ń jẹ́ kí ooru jáde ní Peckham, ní Ìbàdàn ìyẹn dáa, ní Peckham ó ń pa wá. Mi ò wá mọ ìdí tí àwọn tó mọ ilé ṣe báyẹn ní ilẹ̀ olóoru, ẹgbẹ́ wọn tó wà nílé ò bi òtútù ìlú wọn léèrè. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ gìrọ́gìrọ́ kó dá, ó máa ń wínni títí, omi ìdọ̀tí á máa ṣàn wálẹ̀ lójú ògiri, ìyẹn ló sọ gbogbo ẹ̀ di aláwọ̀ ẹkún.

Ẹ má bá mi sọ ti UI báyìí ṣá o. Bí wọ́n ṣe ń gé ojú kọnkéré yẹn kí wọ́n lè ki ẹ́síì bọ̀ ọ́, mi ò lè wò ó.

* * *

Ó kan Thamesmead ní gúúsù ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, torí mo mọ̀ pé ìdajì àwọn tó ń ka èyí ló ń gbé ibẹ̀ báyìí àbí tó ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí kò sí yàrá nísàlẹ̀ nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀, tó jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ojú ọ̀nà wá wà lókè. Omi ni. Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ yẹn, ní 1953 omi òkun ya wọ ìlú, ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní etíkun ìhà ìlà oòrùn, wọ́n wá ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sùn nísàlẹ̀. Àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ wọlé ní 1968. Wọ́n ní ìlú 60,000 èèyàn ló máa jẹ́, adágún omi, ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣèlérí ò wá. Bọ́ọ̀sì nìkan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ló dé tí inú àwọn ará ibẹ̀ ò dùn.

Ní àwọn ọdún 1990 èèyàn dúdú ò ń fẹ́ gba ilé níbẹ̀, ní 1991 wọ́n pa ọmọdékùnrin dúdú ọmọ ọdún 15 kan níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìsọ̀ ẹja àti elùbọ́, òde ìsọmọlórúkọ, ibẹ̀ ló wà. Ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line dé Abbey Wood tó wà nítòsí ní 2022, bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń bọ̀ báyìí, kọnkéré wá di ohun tí ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó lára àwọn ilé yẹn kí wọ́n lè kọ́ tuntun. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo kàn ń ka ọdún síra ni.

* * *

Kúkúrú ni mo máa dá ẹni tó ní “tuntun á sàn” lóhùn. Birmingham ní láíbìrì kọnkéré kan, John Madin ló yà á, 1974 ni wọ́n ṣí i. Charles bú u, ó ní ó jọ ibi tí wọ́n ti ń jó ìwé. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ bẹ ìjọba kí wọ́n dáàbò bò ó, ìjọba kọ̀, ní 2016 wọ́n wó o. Wọ́n ti ṣí tuntun ní 2013, £188 mílíọ̀nù, góòlù àti sílífà lára. Nígbà tó fi máa di 2015 káńsù ò lówó tí wọ́n máa fi sanwó òṣìṣẹ́, wọ́n dín wákàtí tí wọ́n ń ṣí i láàárín ọ̀sẹ̀ kù láti 73 sí 40. Ìwé wà ńlẹ̀, ilé rẹwà, ilẹ̀kùn wà ní títì.

* * *

Ó dáa, àbúrò, ká padà sórí ilé tìẹ. Ìyàwó ẹ ò jẹ̀bi bó ṣe ní ó jọ ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n yàrá tó tóbi tí o rí yẹn, ohun tó fà á wà. Ní 1961 ìgbìmọ̀ Parker Morris kọ iye àyè tó yẹ kí ilé ní sílẹ̀, láti 1969 káńsù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ní 1980 ìjọba Thatcher gbé òfin yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣòfin pé kí ayálégbé lè ra ilé káńsù. Torí náà èyí tí wọ́n kọ́ láàárín ìgbà yẹn máa ń ní àyè ju fúláàtì tuntun tó ní gíláàsì lójú tí wọ́n ń tà fún ẹ ní ìlọ́po owó. Ìyẹn nìkan ló lè mú mi rà á.

Ohun tó lè mú mi sá: bèèrè bóyá ògiri tí wọ́n yọ nílé iṣẹ́ ni wọ́n tò léra, irú ti Ronan Point, àbí wọ́n da kọnkéré ẹ̀ síbẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, bèèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti fún un lágbára, sì bèèrè bóyá gáàsì wọ ilé. Má rò pé wọ́n á ti ṣe é tipẹ́. Ledbury tó wà lẹ́bàá Old Kent Road, ọdún 2017 ni wọ́n tó já gáàsì kúrò níbẹ̀, nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn Ronan Point, torí wọ́n rí i pé ilé ò lágbára tó. Ìkejì, bí wọ́n bá ti fi nǹkan bo ara ilé náà, bèèrè ohun tí wọ́n fi bò ó. Grenfell, ilé gíga ní Lọ́ńdọ̀nù tó jóná lọ́dún 2017 kan náà, tí iná ẹ̀ pa èèyàn 72, kọnkéré 1974 ni, iná yẹn ò wó o. Pátákó tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára kí ó lè gbóná kó sì dùn ún wò, ìyẹn ni iná gùn.

Ìkẹta, èyí tó ń pa àwọn èèyàn wa jù: ìwé Section 20. Bí o bá ra ilé nínú ilé káńsù, òrùlé tí wọ́n bá tún ṣe, líìfítì tí wọ́n bá pààrọ̀, kọnkéré tó ń bọ́ tí wọ́n bá lẹ̀, o máa san ìpín tìẹ, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sọ fún lọ́yà ẹ kó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀, kí o tó sanwó fún sọ̀fíyọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Pe báǹkì náà, torí àwọn kan kì í yáni lówó lórí ilé tó ga ju iye kan lọ tàbí tó jẹ́ kọnkéré, má jẹ́ kí o gbọ́ ìyẹn nígbà tí o ti ná owó lọ́yà tán.

Kó o sì lọ síbẹ̀ lálẹ́, lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, mú ìyàwó ẹ dání. Ẹ wọ líìfítì. Ẹ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbé lábẹ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá igun yàrá wọn ń bu. Kó o tó san ohunkóhun, gbé ohun tí lọ́yà bá rí wá síbí, èmi àti àwọn tó kù máa bá ẹ wò ó.